Ìràwọ̀ Pupa Tó Ń Jẹ Owó Ọmọdé

Ohùn kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ ọ títí dòní, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí kí n tó rántí pé kò sí nǹkan kan mọ́. Kì í ṣe ohùn ènìyàn, kì í sì í ṣe ohùn ẹranko. Bí ẹ bá da igbe ìrẹ̀ inú koríko pọ̀ mọ́ ìró òjò lórí páànù, tí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ ha àwo irin sí i, ẹ ti súnmọ́ ọn. Ohùn kásẹ́ẹ̀tì ni. Kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì orin o. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ eré ọmọdé sí ni, ní Gbégamey, ní Kútọnu, láyé ìjọba ìyípadà, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaradi, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, tí kò sì sí ẹni tó fọkàn tán kamaradi rẹ̀.

Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lè rò pé ẹ̀rù ìgbà náà dà bí ẹ̀rù kìnnìún. Rárá o. Ẹ̀rù kìnnìún, ènìyàn á sá, á bọ́. Ẹ̀rù tiwa dà bí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun: ẹ ò rí i, ẹ ò gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n irin ilẹ̀kùn yín ń dípẹtà. À ń fi ọ̀rọ̀ ìjọba kí ara wa, à ń rẹ́rìn-ín, à ń pàtẹ́wọ́ níbi ìpàdé àdúgbò, ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹnì kẹta bá yọ, ọ̀rọ̀ á di ti òjò. "Òjò yìí kò wá rọ̀ mọ́ o." "Bẹ́ẹ̀ ni o." Olùkọ́ kan wà ní ilé kẹta sí tiwa. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kò sì padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún síta. Ó kàn ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é lójoojúmọ́, ó ń fi àwo dé e, bí ẹni pé ọ̀nà ló jìn. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ lọ. Àwa náà kò bi í. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi ní Kétu kí n tó wá: "Ọmọ mi, ogiri Kútọnu létí, etí ọ̀hún sì ń gba owó oṣù."

Ọ̀dọ̀ Táńtì ni mò ń gbé, àbúrò bàbá mi obìnrin, opó, tó ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní ọjà Gbégamey, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Olówùú. Èmi ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì Abomey-Calavi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé ohun tí n kò bá mọ̀ kò tíì sí láyé. Àkọ́bí Táńtì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tó wálé lọ́dún kan, ó gbé tẹlifísọ̀n aláwọ̀ wá fún ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wá fún mi. Dúdú ni, kò tóbi ju ìwé ńlá kan lọ, bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifísọ̀n, tí wọ́n sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì bọ́ ní ọ̀rọ̀. Táńtì fi ìka tọ́ àwọn bọ́tìnnì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń ta bọ́tìnnì," ó ní, "n kò tíì rí èyí tí kò ní ihò."

Òun gan-an ló dá eré náà sílẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ òótọ́. Ọmọbìnrin kan ló kù lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé, àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí ẹnu rẹ̀ mú ju gbogbo abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi í ṣọ́ ìsọ̀ fún wákàtí kan, á ti fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bọ́tìnnì aláwọ̀ dáradára, á sì ti fi owó èyí tó tà ra àkàrà dídùn. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, oko ni wọ́n ń kọ́ wọn, àti orin. Ọmọ náà mọ ọkọ́ dì mú, ó mọ bí a ti ń gbé ìkúùkù sókè fún ìyípadà, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé bọ́tìnnì tí a fi tọrẹ kì í bí bọ́tìnnì. Ẹ má sì gbàgbé pé láyé ìgbà yẹn, bí olùkọ́ bá ń pe ọ̀rọ̀ náà "oníṣòwò" níwájú kíláàsì, bí ẹni ń tutọ́ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Táńtì dé láti ọjà, ó ju gèlè rẹ̀ sórí àga, ó ní: "Ìwọ ọ̀mọ̀wé Calavi, ẹ̀rọ rẹ tó jókòó bí àlejò tí kì í jẹun yìí, ṣé kò lè kọ́ ọmọ yìí ní bí owó ṣe ń rìn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí aṣọ tuntun. Ìwé kékeré kan bá ẹ̀rọ náà wá, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Lọ́sàn-án tí Táńtì bá wà lọ́jà, màá so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifísọ̀n, màá máa tẹ àṣẹ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe báyìí, bí kò bá ṣẹlẹ̀, padà sí ìlà báyìí. Bí iná bá lọ kí n tó fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ á parẹ́, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin. Mo fi onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ ya ọmọbìnrin kan sójú tẹlifísọ̀n, mo gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Á lọ sí etí òkun ní Fidjrossè lọ ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, á yan án, á gbé e wá tà ní Gbégamey. Bó bá tà á tán, ẹ̀rọ á bi ẹni tó ń ṣeré pé: mélòó lo fẹ́ jẹ nínú owó yìí, mélòó lo fẹ́ fi ra ẹja mìíràn, mélòó lo fẹ́ fi pamọ́? Ibi ìpamọ́ méjì ni mo ṣe: kóló inú ilé, àti ilé funfun kan tí mo kọ BÁŃKÌ sí lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kun gbogbo ojú tẹlifísọ̀n ní àwọ̀ ewé, kó má baà máa ta ọmọdé lójú.

Mo fi han Táńtì. Ó wò ó títí, ó ní ó dára. "Ṣùgbọ́n àdánù ńkọ́?" Mo ní kò sí àdánù níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́. "Ọjà tí kò ní àdánù, ojú àlá ni wọ́n ti ń ná an. Ṣé òjò kì í rọ̀ ní ìlú tìrẹ ni? Ẹja kì í rà? Ẹni tó ní òun ń bọ̀ wá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni kì í wá?" Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó fẹ́ràn jù. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án ló ń dá èésú. Ẹni tó bá kàn ni yóò kó o, gbogbo wọn sì mọ ọjọ́ ara wọn. "Fi àwọn ìyá mẹ́wàá sí i. Owó tó bá wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, olè wo ni yóò gba ojúlé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sídìí iṣẹ́. Mo fi àwọn ìyá mẹ́wàá jókòó ní ìsàlẹ̀. Mo wá ń wá ojú tí màá fún àdánù. Àwọn àmì orí ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Mo wá èyí tó jọ ohun tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, mo rí ìràwọ̀: apá rẹ̀ yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ayé mọ́ra. Àwọ̀ mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ náà ní. Mo kun ìràwọ̀ ní pupa, nítorí pupa ni àwọ̀ ewu. Níbo ni yóò ti máa jáde? Igun òkè lọ́wọ́ òsì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun gbogbo, bí ẹni tó ń kọ̀wé. Mo ní kó máa ti ibẹ̀ jáde, kó dúró díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó bá bá lọ́wọ́ ọmọ, á jẹ ẹ́. Bó bá kan kóló, á jẹ ẹ́. Bó bá wọ BÁŃKÌ, á jẹ ẹ́ mọ́ àga inú rẹ̀. Àwọn ìyá mẹ́wàá nìkan ni kò lè fọwọ́ kàn.

Inú mi dùn sí i ju bó ti yẹ lọ. Láti Sátidé àkọ́kọ́, àwọn ọmọ àdúgbò kún pálọ̀ Táńtì lọ́sàn-án, ọmọ Nàgó, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Gùn, wọ́n ń tì ara wọn. Àbígbẹ̀yìn Táńtì ló ń pàṣẹ fún wọn bí ọ̀gá ọlọ́pàá. "Ìwọ, ra ẹja méjì péré, ọ̀jẹun! Tìrẹ ti bàjẹ́, kúrò níbẹ̀!" Bí ìràwọ̀ bá ti yọ, gbogbo wọn á ké: "Ó ti dé! Ìràwọ̀ pupa ti dé! Ẹ fi owó pamọ́, ó ń bọ̀ wá jẹ wá lówó!" Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ojú títì wà níbẹ̀. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo ká apá mọ́yà, mò ń rẹ́rìn-ín bí bàbá ìkókó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e, ọmọ náà dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó jókòó ti àkàsà àti ẹja díndín rẹ̀. Ó ní: "Fòfó," bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kútọnu nìyẹn, "a rẹ́rìn-ín lónìí títí inú fi ń run wá."

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ìgbà tí wọ́n ń fa àsíá sókè ni. Gbogbo wa dúró dáadáa o. Ó wá ń gòkè, ó ń gòkè, afẹ́fẹ́ wá tú u. Mo kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, mo ní: 'Ó ti dé, ẹ fi owó pamọ́.' Ni gbogbo ìlà wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní ìràwọ̀ tó ń jẹ owó nínú eré fòfó mi ló yọ."

N kò nílò láti tan tẹlifísọ̀n. Mo rí i níbi tí mo dúró sí. Àsíá ìjọba ìgbà náà, aṣọ àwọ̀ ewé ni, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun òkè lọ́wọ́ òsì. Èmi tí mo ti dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀ láràárọ̀ ní gbogbo ọdún ilé ẹ̀kọ́ mi, tí mo mọ ìwọ̀n rẹ̀ dé orí, èmi onímọ̀ ìṣirò, mo fi oṣù mẹ́rin ya àsíá ìjọba, mo sì sọ ọ́ di olè tó ń lé ọmọdé kiri. Kò sì sí ẹni tó rán mi. Àwọn àgbà ní ohun tó bá súnmọ́ ojú jù, ojú kì í rí i. Mo jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ọmọ náà sì ń bi mí bóyá ebi ló ń pa mí, kó bu àkàsà fún mi.

Nígbà tí Táńtì dé tó gbọ́, kò pariwo. Ó ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó. Mo ní kí á jó kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní: "Èéfín lẹ́nu. Ìwọ tí o kò jó nǹkan rí nínú àgbàlá yìí, lónìí lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Mo ní kí n sọ ìràwọ̀ di eku nígbà náà. Ó bi mí pé àwọn ọmọ mélòó ló ti rí i. N kò lè kà wọ́n. "Ṣé ìwọ á sọ ojú tiwọn náà di eku?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ eré náà mọ́, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níwájú àsíá mọ́, bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ gbé àsíá lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ohun tó ṣe. Èyí dùn mí títí dòní. Ohun tí mo ṣe láti fi là á lójú ló wá pa á lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Délégè ni, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, bàbá gíga kan tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ojú irin, ọmọ Nàgó láti Pobè, mùsùlùmí tó máa ń fọ̀rọ̀ ṣeré tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi í joyè yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ojúlé wà. Bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ènìyàn kan kò dára, ẹni náà kò dára nìyẹn. Òun nìkan ló wá. Ó kí Táńtì, ó ní: "Ìyá Olówùú, mo gbọ́ pé ẹ ní sinimá nílé tí ẹ kò pè mí."

"Bàbá Délégè, eré ọmọdé ni o."

"Ọmọdé náà kò burú. Ẹ gbé e kí n wò ó."

Mo so rédíò Táńtì mọ́ ẹ̀rọ, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Kí eré tó yọ, kásẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ ké fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ohùn tí mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Táńtì gbé omi fún un, kò mu ún. Ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wò mí, ohùn yẹn ń ké láàrin wa bí ohun tí wọ́n ń pa. Mo ń rò ó pé báàgì wo ni n óò gbé lọ, bóyá wọ́n á gbà kí n mú bùláńkẹ́ẹ̀tì, bóyá Táńtì á máa bu oúnjẹ dè mí, kó máa dé e. Mo ń rò ó pé wọn kò ní fi mọ lórí èmi nìkan. Ilé ta ni? Tẹlifísọ̀n ta ni? Ìsọ̀ òwú tó fi ń tọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹyọ kan ló lè tì í pa.

Eré yọ. Délégè kò mọ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀. Ọmọ náà, tí ẹkún rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò lè mú un mọ́ra, ó sún mọ́ ọn. "Ẹ tẹ èyí, Bàbá, ẹ ó lọ sí Fidjrossè." Délégè tẹ̀ ẹ́. Ó ra ẹja, ó yan án, ó tà á. Ẹ̀rọ bi í níbi tó fẹ́ fi owó pamọ́ sí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí BÁŃKÌ. Ìràwọ̀ yọ ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, pupa lórí àwọ̀ ewé, ó dúró díẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ BÁŃKÌ, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ ti kú, Bàbá," ni ọmọ náà wí. Táńtì gbá a mú lápá.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Délégè wí. "Mo tún fẹ́ lọ ra ẹja." Ó tún lọ. Ó kó owó sí kóló. Ìràwọ̀ jẹ ẹ́. Ó tún lọ nígbà kẹta, ó dáwọ́ dúró, ó yíjú sí ọmọ náà bí ẹni ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbà. "Níbo wá ni wọ́n ń gbé e sí?"

"Ẹ gbé e fún àwọn ìyá mẹ́wàá."

Ó gbé e fún wọn. Ìràwọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó yí wọn ká, yí wọn ká, ó sì padà sókè pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Délégè fi ọwọ́ nu ojú. Kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, Bàbá."

"Kí ló dé tó jẹ́ ìràwọ̀?"

"Mo ń wá ohun tó ya ọwọ́ ni."

"Kí ló dé tó jẹ́ igun yẹn?"

"Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Bàbá. Kì í ṣe èmi."

Ó dìde. Ó fa kásẹ́ẹ̀tì yọ fúnra rẹ̀, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀. "Òmíràn wà?" Mo ní kò sí. Òótọ́ ni, kásẹ́ẹ̀tì wọ́n, ẹyọ kan ni mo ní. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní: "Má rìn jìnnà sí ilé." Ó lọ.

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ pé ikú ń bani lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìdúró de ikú ni bàbá ẹ̀rù. Mo di báàgì kan, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá rọra rìn lójú títì, ọkàn mi á rọra dúró. Bí mo bá lọ sí Calavi, ẹ̀yìn ni màá jókòó sí, ọ̀rẹ́ tó bá kí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, màá máa rò pé òun ni amí. Mo rí Délégè níbi ìpàdé àdúgbò, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìjọba sókè, ojú rẹ̀ kọjá lórí mi bí ẹni pé àga ni mí. Èyí tilẹ̀ burú jù. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan, oṣù mẹ́ta. N kò tan ẹ̀rọ náà mọ́. Iyọ̀ etí òkun jẹ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kú. Ọmọ náà kò bèèrè rẹ̀. Ó ti wá mọ bí wọ́n ti ń dúró dáadáa níwájú àsíá, olùkọ́ rẹ̀ tilẹ̀ yìn ín.

Ohun kan ṣoṣo tó jọ mí lójú ni pé Táńtì ń sùn. Ó ń sùn dáadáa, ó ń hanrun. Mo bínú sí i nínú, mo ní àwọn àgbà wa ti di òkúta.

Ayé yí, bó ti máa ń yí. Àkókò kan dé tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù gbà mọ́, tí àwọn ènìyàn ń tò síwájú báńkì láti ìdájí, tí wọ́n sì ń padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Mo ń kọjá níwájú wọn, mo ń wo ilé funfun, mo ń rántí, n kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní gbangba, ni ìjọba ìyípadà fúnra rẹ̀ yí padà, ni wọ́n sọ àsíá oníràwọ̀ kalẹ̀, wọ́n mú àsíá àtijọ́ tí kò ní ìràwọ̀ jáde láti inú àpótí, wọ́n sì fà á sókè. Ìyàwó olùkọ́ ilé kẹta ṣí àwo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jẹ oúnjẹ náà fúnra rẹ̀, kò sì bu òmíràn mọ́. Ọkọ rẹ̀ kò wá.

Ọdún yẹn ni Délégè ránṣẹ́ pè mí. Kò sí oyè lórí rẹ̀ mọ́, ó ti gbó, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó ní kí n gbé ìkòkò omi tó wà ní igun yàrá kúrò. Mo gbé e. Iyanrìn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wà á. Kásẹ́ẹ̀tì mi ni mo bá, wọ́n dì í nínú ọ̀rá mẹ́ta.

"Olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló mú ẹjọ́ wá bá mi," ó ní. "Mo sọ fún un pé mo ti lọ wò ó, eku ni mo rí, ọmọ náà ló ń purọ́. Bí mo bá fi kásẹ́ẹ̀tì yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹlòmíràn á wá wò ó. Bí mo bá jù ú nù, wọ́n á rí i he. Ló fi di pé mò ń sùn lé e. Ìwọ rò pé ìwọ nìkan ni ọkọ̀ ń kọjá níwájú ilé rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti pa mọ́ láti ọdún wọ̀nyí. "Kí Ìyá Olówùú sì bá mi kí àwọn ìyá mẹ́wàá. Àwa mọ́kànlá."

Mo sáré délé. Táńtì ń to bọ́tìnnì sínú agolo. Mo bi í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ tí bàbá náà gba kásẹ́ẹ̀tì ló wá bá òun lẹ́yìn ìsọ̀, tó ń bèèrè bóyá àyè ṣì wà nínú èésú. Owó oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn, ọwọ́ àwọn obìnrin ló wà nígbà tí báńkì tilẹ̀kùn. Òun ló fi ń jẹun. Mo ní: "Táńtì, ẹ mọ̀! Láti ọjọ́ kẹta! Ẹ jẹ́ kí n máa kú lójoojúmọ́!"

Kò gbójú sókè kúrò lórí bọ́tìnnì. "Bí mo bá sọ fún ẹ, wàá rẹ́rìn-ín. Ìwọ kọ́ lo ń jókòó sẹ́yìn, tó ń ká apá mọ́yà? Ẹ̀rín rẹ ọjọ́ kan péré ni ì bá pa bàbá yẹn, kó sì pa àwa náà tẹ̀lé e. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹ̀rù tó bà ẹ́ yẹn, òun ni mo fi tì ẹ́ lẹ́nu."

Táńtì ti lọ, Délégè ti lọ. Ọmọbìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ níwájú àsíá ti ní ọmọ tirẹ̀, ó ní ìsọ̀ òwú mẹ́ta, kì í sì í fi bọ́tìnnì tọrẹ. Èmi ti di ẹni tí irun ń funfun lórí rẹ̀, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n rédíò àtijọ́ kan wà tó ṣì ń gba kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ orin ayé àtijọ́. Mo fi sí i. Ìrẹ̀, òjò, abẹ́rẹ́ lórí irin. Wọ́n fi ọwọ́ di etí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi mí pé kí ni orin náà ń sọ.

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn. Mo fẹ́ ní eré ni, ọmọ kan ló ń lọ ra ẹja ní Fidjrossè. Ìgbà náà ni mo rí i pé ọwọ́ mi ti lọ fúnra rẹ̀, ó ti yí ohùn rédíò náà wálẹ̀ dé ibi tó kéré jù, ojú mi sì ti wà lára fèrèsé.